Àna Tí Màámi Rí Lára Ògiri

Ọkọ mi kì í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun àlòkù kó má yà. Ní Finglas, ní Dublin níbí, ló ti ra fọ́tò ńlá kan tó ní férémù dúdú, ó gbé e mọ́ra nínú bọ́ọ̀sì wá sílé wa ní Ongar, ó sì ti gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ kí n tó ráyè bá a jà. Bàbá àgbàlagbà kan ló wà nínú rẹ̀. Irun rẹ̀ wà ní dídì méjì gígùn, ìyẹ́ kan wà lórí rẹ̀, ó sì da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo èjìká. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé ará Lakota ni, ìyẹn lára àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé bá wọn. Wọn ò kọ orúkọ. Mo ní kí ló dé tá a fi máa fi bàbá oníbàbá ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé. Ọkọ mi ní ojú bàbá náà tutù. Òótọ́ ni, ojú wọn tutù, àmọ́ mi ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá mi dé láti Ìbàdàn. Bàbá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ní Tallaght ni mo wà nígbà tí wọ́n sin wọ́n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ni, mi ò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ Màámi ni kí wọ́n sọ bí bàbá mi ṣe lọ fún mi. Ṣé wọ́n jẹ̀rora? Ṣé wọ́n béèrè mi? Gbogbo ìgbà tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ni Màámi á ní, "Wọ́n ti sinmi. Jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ jinná ná." Ọgbẹ́ tó ti jinná tipẹ́tipẹ́! Inú á bí mi, màá sì lọ máa fọ abọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n dé gan-an, bí wọ́n ṣe wọ pálọ̀ tí wọ́n rí fọ́tò, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, àna mi."

Dublin níbí la ti ṣègbéyàwó, bàbá ọkọ mi sì ti kú ká tó fẹ́ra wa, nítorí náà Màámi ò rí wọn rí. Ohun tí Màámi gbọ́ ni pé olóyè ni bàbá ọkọ mi, ìyẹ́ sì rèé lórí ẹni inú fọ́tò. Àbí ta lèèyàn ń gbé kọ́ àárín pálọ̀ bí kò bá ṣe bàbá rẹ̀? Wọ́n yíjú sí ọkọ mi. "Ṣé dàda ni wọ́n ni?"

Ọkọ mi, tó máa ń bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ jiyàn bí ẹni tí wọ́n ń sanwó iyàn fún, kò lè já ọ̀rọ̀ mọ́ àna rẹ̀ lẹ́nu. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. A ní tó bá di àárọ̀, a máa ṣàlàyé fún wọn.

Láàárọ̀, bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, mo gbọ́ ohùn Màámi. Wọ́n ti gbé tíì wọn jókòó síwájú fọ́tò.

"Àna mi, olóògbé ọkọ mi ní ẹ̀kọ tí mo rò ṣàn jù. Mo ní kó dìde lọ rò ó fúnra rẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín, àfi bíi pé ara rẹ̀ ti yá."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo fi etí aṣọ di ẹnu. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni mò ń jókòó sí láràárọ̀. Mo kìlọ̀ fún ọkọ mi pé kó pa ẹnu mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí Màámi bá mọ̀ pé àna kọ́ nìyẹn, wọ́n á dákẹ́, wọn ò sì tíì dé ibi tí bàbá mi ti kú.

Ọmọbìnrin wa ni mo gbàgbé láti kìlọ̀ fún. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì Dublin ló fi ń fèsì. Ní Sátidé kan, Màámi pè é pé kó wá kí bàbá bàbá rẹ̀.

"Ah no, Grandma, that's not Grandad at all. He's Lakota. Dad got him in a shop in Finglas."

Màámi wo fọ́tò náà títí. "Kí lorúkọ wọn?"

"Nobody wrote it down."

"Àwọn ọmọ wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ibí ni bàbá wọn wà?"

Ọmọ mi yíjú sí mi. Màámi ní, "Àgbà ṣì ni wọ́n. Ẹ wá orúkọ wọn." Wọn ò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo bínú sí ọmọ mi, mo bínú sí ọkọ mi, mo tún bínú sí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ fún ara mi pé ó ti tán nìyẹn. Mo dìde pé kí n lọ gbé omi tíì kaná, ni Màámi bá pè mí. Wọ́n ti yí àga wọn kúrò níwájú fọ́tò, wọ́n sì ti fa òmíràn síwájú rẹ̀.

"Ẹni tí kò mọ bàbá rẹ ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún látọjọ́ yìí," ni wọ́n wí. "Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, jókòó."

Mo jókòó. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ó béèrè rẹ."