Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Kí Àwọn Èèyàn Inú Ìwé

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì sókè, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rántí. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi n'Ígbó-Ọrà, ìyàwó náà sì fẹ́ di tíṣà. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àfetígbọ́ ló kù: wọn á ka ìtàn kékeré síni létí, wọn á wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á kà fún un pé obìnrin kan ń ti ọjà bọ̀, ẹyin rẹ̀ fọ́.

"Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."

"Ìwé ni mò ń kà o!"

"Tíṣà, ṣé torí ó wà nínú ìwé ni ká má kí i?"

Bí wọ́n bá bímọ nínú ìtàn, á ní, "Ẹ kú ewu ọmọ."

Lọ́jọ́ ìdánwò l'Érúwà, wọ́n kìlọ̀ pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń kàwé, ìta ló ń lọ. Ó ní òun ki etí gèlè bọ ẹnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá olùdánwò kà á dé ibi tí ọkùnrin kan ti ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, gèlè jábọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà!"

Bàbá náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "A dúpẹ́ o," ló fi dá a lóhùn, "ó ti ń sàn díẹ̀díẹ̀."

Bàbá wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ìyàwó wa. Àwọn méjèèjì ló sọ̀rọ̀. Ta ni yóò lé ta ni síta? Ó wúkọ́, ó ń bá ìwé rẹ̀ lọ.

Ìyàwó wa yege.