Èsúnsún Ilé Wa

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lára mi.

Nígbà tí a wà ní kékeré nílé wa ní Ìlorà, bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti dá, a kì í kọ́kọ́ ronú kan iṣu tàbí àgbàdo. Èsúnsún là ń dúró dè. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú ihò kékeré kan lábẹ́ fèrèsé yàrá ìyá wa, apá wọn a máa dán yinrin lára iná àtùpà. A ó gbé ọpọ́n omi sílẹ̀, wọn a máa já sínú rẹ̀. Ìyá wa a yan wọ́n pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì gba àdúgbò kan. Àwọn ará ilé kejì a ní, "Ẹ̀yin ni Ọlọ́run fún lẹ́ran láìdẹ̀gbẹ́." Bàbá wa a rẹ́rìn-ín, a ní àlùbáríkà ni.

Òun ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ihò náà. Ọdún tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ náà, mo rí i tó dúró ti ẹni tó ń rẹ́ ẹ. Kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, ó ti fi ìka ara rẹ̀ lu ihò náà padà.

Àwọn òbí wa ti lọ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé inú yàrá náà, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ní Fìdítì tó sì padà wálé. Ilé tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, nínú ọgbà kan náà. Orúnkún ẹ̀gbọ́n mi kò gbé e dáadáa mọ́, ọ̀nà ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé sì ti jìn fún un. Ni mo bá ní kí a lu ilẹ̀kùn sára ògiri yàrá rẹ̀, kí a fi ilé ìwẹ̀ lẹ̀ ẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un ṣe yí mi ká ni o. Mi ò kúrò nínú yàrá yìí fún ẹnìkankan. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọn ó ti gbé mi jáde."

Mo ní, "Ẹ ò ní kúrò, ẹ̀gbọ́n mi." Mo ṣèlérí fún un.

Bíríkìlà tí mo pè, ọmọ ìlú wa ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó fọwọ́ pa ògiri náà lára, ó ní, "Ògiri àwọn àgbà! Èyí á já òòlù gbà lọ́wọ́ mi lónìí." Ó gbé òòlù sókè, ó sọ ọ́ mọ́ ọn.

Mò ń retí ìró. N kò gbọ́ ìró kankan. Òòlù náà wọlé tọrí-tọrùn, bí ẹni fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ tútù.

Ó fà á yọ. Erùpẹ̀ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde ṣuuru, bí àgbàdo tó ń jò nínú àpò. Lẹ́yìn erùpẹ̀ ni ikán. Wọ́n funfun, wọ́n ń rọ́ lu ara wọn, wọ́n ń já bọ́ sórí ìrọ̀rí ẹ̀gbọ́n mi.

"Láìlá-ìlá-láhù!" Ẹ̀gbọ́n mi tí orúnkún ń dùn ti fò dé ẹnu ọ̀nà.

Bíríkìlà ń fọwọ́ ṣí sìmẹ́ǹtì náà kúrò bí èèpo ẹyin. Inú ògiri ti di ìlú: yàrá nínú yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọnú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Atẹ́rígbà fèrèsé, igi tí bàbá wa fi ń yangàn, ọ̀dà tí a fi kùn ún nìkan ló kù. Mo fìka kàn án, ìka mi wọlé. Èèpo sìmẹ́ǹtì lásán ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbórí lé sùn.

Mo ní, "Níbo ni wọ́n gbà wọlé?"

Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fìka sínú ihò abẹ́ fèrèsé. Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà wọn rèé, Bàbá. Ẹ wò ó bó ṣe rí roboto."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wò mí. Ọmọ àgbẹ̀ ni wá. Ta ni kò mọ̀ nínú wa pé inú ògán ni èsúnsún ti ń jáde, pé ikán ló ń hu apá tó ń di èsúnsún? A mọ̀ ọ́n lóko. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ rí pé ògán wo ló wà nínú ilé wa. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ fún tọkọtaya tó ń jà pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ìka bàbá mi ló la ẹnu ògiri tiwa.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Àbúrò, ilé bàbá wa là ń fi iyọ̀ jẹ láti kékeré."

Bíríkìlà ní, "Ìyá Àgbà, ó dùn ṣá?"

"Gbẹ́nu dákẹ́, ìwọ ẹlẹ́nu ihò yìí!"

Ṣùgbọ́n bíríkìlà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní wíwó ni ògiri náà, kí òjò tó bá a. Mo rántí ìlérí tí mo ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi wo ìrọ̀rí rẹ̀ tí ikán bò. Òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Ẹ kó ẹrù mi lọ sílé àbúrò mi."

Nígbà tí wọ́n wú ìdí ògiri náà, ìyá ikán wà níbi tí orí ibùsùn ẹ̀gbọ́n mi ń wà gan-an, ó tóbi ju àtàǹpàkò lọ, kò lè rìn. Ẹ̀gbọ́n mi fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìwọ náà ò fẹ́ kúrò ní yàrá ẹ. Wọ́n ti gbé ọ jáde."

Ògiri búlọ́ọ̀kù kò tíì ga dé èjìká nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò dá. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin sáré wọlé tòun ti abọ́, èsúnsún kún un. Ẹ̀gbọ́n mi kò nawọ́ sí i.

Ó ní, "Níbo ni wọ́n ti jáde?"

Ọmọ náà tọ́ka sí ìdí àtẹ̀gùn ilé tèmi.