Orúkọ Kẹta Nínú Ìwé Ìkéde

Ọdún méjìlá ni mo fi ka ìkéde nínú ìjọ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ kékeré ni, kó wá dúró níwájú àwọn èèyàn tí ebi ń pa, lẹ́yìn ìwàásù gígùn, kó sọ ohun kan náà fún wọn ní èdè mẹ́ta: Faransé fún àwọn tó lọ ilé ìwé, Ìdáàṣà fún àwọn onílé, Fọ̀n fún àwọn tí òwò gbé wá sílùú wa. Kí n tó dé orí Fọ̀n, àwọn tó gbọ́ Faransé ti ń wo aago, àwọn tó gbọ́ Ìdáàṣà sì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ iṣu.

Ìjọ Presbitéríà ni tiwa, a ò sì pọ̀. Ní Dassa níbí, Kátólíìkì ló kún ìlú, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọkọ mi. Bí ó bá ti lọ sí ìsìn tirẹ̀ ní àárọ̀, á dé, á jẹun, á tún sùn díẹ̀ kí n tó wọlé. Ó máa ń bi mí léèrè bóyá Ọlọ́run tiwa kì í tètè gbọ́ ni. Kí n tó dé ilé, ọ̀rọ̀ ti máa ń tán lẹ́nu mi.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn alàgbà ni wọ́n ń bá pásítọ̀ darí ìjọ, ọdún mẹ́fà ni sáà kan. Mo ti ṣe sáà méjì. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, Mẹtirẹ́ẹ̀sì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, nítorí náà nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé kọ, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ojú yí sí. Wọ́n ní kí n máa ka ìkéde. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọsìn dé ọwọ́ mi, ìwé ìrìbọmi tẹ̀ lé e, àbẹ̀wò àwọn aláìsàn náà dé. Kò sẹ́ni tó gbé gbogbo rẹ̀ lé mi lórí lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ìgbà tí èèyàn ru igi ìdáná, tí gbogbo ẹni tó bá pàdé ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún un.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà: ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ọ̀sán ń wò. Ní gbogbo ọ̀sán Satidé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá na ẹsẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, èmi á jókòó ti kàyé, ìwé ìkọ̀wé mi, màá máa kọ ohun tí ìjọ fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà míràn, n kì í ronú mọ́. Ọwọ́ mi á kàn máa kọ ọ́ lọ: akọrin, Ọjọ́rú, aago márùn-ún, ẹgbẹ́ ìyá, Ọjọ́bọ̀, gbígbá àyíká, Satidé.

Sáà kejì mi ń parí lọ ní ọdún tó kọjá, bí ìkórè ṣe ń sún mọ́lé. Àṣà kan wà nínú ìjọ wa lórí yíyan alàgbà. Ìgbìmọ̀ á kọ orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́, wọ́n á kà á sétí ìjọ ní Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Ẹni tó bá dákẹ́ títí ìjọ fi ṣe Àmín ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ti gbà nìyẹn, ọdún mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́, kò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà, kò gbọdọ̀ rán ẹnì kan, kò sì gbọdọ̀ yọ́ lọ bá pásítọ̀ nílé. Ó gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, kó sì sọ ìdí. Àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀ ló fi í lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí wọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Látìgbà tí mo ti débẹ̀, èèyàn méjì péré ni mo rí tó kọ̀. Ọ̀kan ń kó lọ sí Parakou. Ojú ti ń dun èkejì, kò ríran mọ́ dáadáa.

Mo mọ òfin náà, síbẹ̀ mo yọ́ lọ bá pásítọ̀. Ọmọ mi àkọ́bí dàgbà jù ú lọ, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún mi gan-an.

“Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọ orúkọ mi lọ́tẹ̀ yìí.”

“A ó fi sínú àdúrà, Mẹtirẹ́ẹ̀sì.”

Ẹni tó bá mọ pásítọ̀ wa mọ̀ pé rárá nìyẹn.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ó fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́ bí ìwàásù ṣe parí. Orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo dúró, mo kà á ní Faransé, mo tú u sí Ìdáàṣà, mo tú u sí Fọ̀n. Ohùn mi ò yẹ̀. Ìgbà tí ìjọ ṣe Àmín, tí àwọn obìnrin ìlà iwájú sì ń rẹ́rìn-ín sí mi, ni mo tó wo ìwé náà dáadáa. Èmi ni orúkọ kẹta. Mo ti ka orúkọ ara mi nígbà mẹ́ta, n ò sì gbọ́ ọ. Ẹnu mi ti mọ iṣẹ́ náà débi pé kò nílò mi mọ́.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “O fi èdè mẹ́ta yan ara rẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fún èèyàn láyè láti ṣe irú aṣiṣe yẹn.” Inú bí mi. Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, mo wọ yàrá lọ, mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Mo sọ fún ara mi pé ní ọ̀sẹ̀ kejì, màá sọ̀rọ̀. Mo tilẹ̀ fi dánra wò nílé ìdáná. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wọ ilé ìjọsìn lọ́jọ́ náà, ìyá tó ń darí ẹgbẹ́ obìnrin di ọwọ́ mi mú. Àkàrà ló ń dín lẹ́bàá ọ̀nà ọlọ́dà, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, kò sì mọ ìwé kà.

Ó ní, “Mẹtirẹ́ẹ̀sì, ìwọ la gbójú lé fún ìkórè yìí o. Bí kò bá sí ìwọ, ta ni yóò mọ ẹni tó ń mú iṣu wá, ta ni yóò mọ ẹni tó ń gbé ìjókòó?”

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ka orúkọ kẹta, mo dá dúró, mo la ẹnu. Olórí akọrin rò pé mo ń dúró de orin ni, ó gbé e, gbogbo ìjọ sì dìde. Mo pa ẹnu dé. Mo bá wọn kọrin. Ojú ara mi tì mí.

Satidé tó tẹ̀ lé e ló tú mi sílẹ̀. Mo gun ọ̀kadà zẹ́m lọ sí Kèrè láti bẹ àgbẹ̀ kan wò, bàbá tó ṣubú lórí igi kajú tó sì kán lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà náà gbọ̀n mí jìgìjìgì, eruku sì bo aṣọ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo ti máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo ti ṣílẹ̀kùn ilé ìjọsìn fún àwọn tó ń kun ògiri, mo sì ti fọ aṣọ tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Bàbá náà wà lórí ẹní, ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo rántí pé mo dárúkọ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo dárúkọ oko rẹ̀. N kò rántí ohun tó tẹ̀ lé e.

Àmín tí bàbá náà ké ló jí mi. Mo sùn lọ láàárín àdúrà tí èmi fúnra mi ń gbà! Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Bàbá náà, tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, tó sì wà nínú ìrora, ń wò mí pẹ̀lú àánú.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Mẹtirẹ́ẹ̀sì,” ló wí. “Ẹ ò bá sinmi díẹ̀ kí ẹ tó padà.”

Wọ́n tẹ́ ẹní kejì fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò janpata. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní nílé aláìsàn tí mo wá bẹ̀ wò, mo sùn fún wákàtí kan. Nígbà tí ọlọ́kadà padà wá gbé mi, mo ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà, mo sì dúpẹ́ pé eruku pọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹta pé. Mo ka orúkọ kìíní, mo ka èkejì. Mo wá ká ìwé náà sí méjì.

Mo ní, “Èmi ni orúkọ kẹta. Mi ò lè ṣe é mọ́. Ó ti rẹ̀ mí.”

Gbogbo ìjọ ń dúró de ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Pásítọ̀ dìde díẹ̀ lórí àga rẹ̀.

“Ṣé ara yín ò yá ni, Mẹtirẹ́ẹ̀sì?”

“Ara mi yá.”

“Ṣé wọ́n ń gbé yín lọ sí ilé ìwé míràn ni?”

“Rárá.”

“Àbí ẹnì kan ṣẹ̀ yín nínú ìjọ?”

“Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí ni.”

Mo rí i pé ìdí yẹn ò tó lójú wọn. Kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ rí. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń ti oko bọ̀ láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé dé ìrọ̀lẹ́ Satidé, ta ni kò rẹ̀ nínú wọn? Mo ń ronú pé bóyá kí n sọ pé ìríran mi ti ń dínkù.

Ìyá alákàrà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ dìde.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ ò rí ojú rẹ̀ ni?”

Mo lọ jókòó, kì í ṣe níbi ìjókòó àwọn alàgbà, ní ìlà kẹrin lẹ́bàá fèrèsé. Orúkọ kẹrin ṣì wà nínú ìwé lọ́wọ́ mi, ìkéde tó kù náà sì wà níbẹ̀. Pásítọ̀ ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ìyá náà wá dìde, ó tún ìró rẹ̀ so, ó dárúkọ ẹni kẹrin bí ẹni pé ó ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Ẹni yẹn ò kọ̀, ìjọ ṣe Àmín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìkéde ní Ìdáàṣà, láìsí ìwé, láìsí gíláàsì ojú. Ó sọ ti akọrin, ó sọ aago. Ó sọ ẹni tí yóò mú iṣu wá fún ìkórè, ó sọ ẹni tí yóò gbé ìjókòó wá láti Kèrè. Ó sọ ti gbígbá àyíká, ó sì dárúkọ àwọn mẹ́ta tí wọn ò gbá a lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àwọn Fọ̀n, ó sọ gbólóhùn méjì sí wọn, wọ́n mi orí pé àwọn ti gbọ́. Kò ṣi ohun kan ṣoṣo sọ. Ó parí rẹ̀ kí n tó lè ka ojú ewé kan tán.

Mo jókòó síbẹ̀, mo di ìwé mi mú. Mo ti rò pé ẹrù náà á já lulẹ̀ bí mo bá yẹ orí kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí fún ọdún méjìlá nìyẹn, òun ló sì mú kí n máa rù ú.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kí mi. Wọ́n ní kí n lọ sinmi. Pásítọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dúpẹ́, ó gbàdúrà kúkúrú. Mo dúró sí ìta díẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá bàtà rẹ̀. Àwọn èèyàn ń lọ sílé lọ jẹun. Àwọn obìnrin kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìkórè, ohùn wọn ń lọ sókè, kò sì sẹ́ni tó pè mí sí i.

Ọkọ mi ti jẹun tán nígbà tí mo dé, ṣùgbọ́n ó bu tèmi sílẹ̀, ó fi àwo bò ó. Ó bi mí léèrè bóyá mo sọ ọ́. Mo ní mo sọ ọ́. Ó ní kí ni wọ́n wí.

Mo ti to èsì sílẹ̀ fún gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí wọn ì bá bẹ̀ mí pé kí n dúró. Ó kù díẹ̀ kí n há a sórí ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ní, “Wọn ò bẹ̀ mí.”

Ọkọ mi, ẹni tí ohun gbogbo ń pa lẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ṣí àwo kúrò lórí oúnjẹ mi.