Ọkọ̀ Òfurufú Inú Pálọ̀ Oyèbọ̀dé

Ẹ wo àgbàlagbà níwájú kọ̀ǹpútà, tó ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán! Oyèbọ̀dé ọmọ Ìjẹ̀ṣà nìyẹn. Bọ́ọ̀sì Òṣogbo sí Iléṣà ló ń wà kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọ lù ú. Ara ti ń yá báyìí, ṣùgbọ́n Fúnmilọ́lá, ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun, ò jẹ́ kó fọwọ́ kan bọ́ọ̀sì náà. Ìyẹn dùn ún ju àìsàn lọ. Kí ló kù fún awakọ̀ tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

Fúnmilọ́lá ló wá géèmù ọkọ̀ òfurufú ogun fún un, kó má baà máa ronú. Kì í ṣe géèmù ọmọdé o! Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá gbóná jù, á jóná. Bó bá tutù jù, á kú. Nígbà tí àròyé bàbá lórí bọ́ọ̀sì sú u, ó ní, "Bàbá mi, ẹ bá ọ̀tá kan jà, kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ yìí balẹ̀ láyọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ máa wa bọ́ọ̀sì yín."

Ni Oyèbọ̀dé bá gbéra. Ó fi gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì lé ọ̀tá gòkè, géèjì ooru wọ pupa, ó yìnbọn, ọ̀tá já bọ́. Kíá ló ṣílẹ̀kùn atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì, ó tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀, ó dín agbára kù. Géèjì rọra sọ̀ kalẹ̀. Fúnmilọ́lá ò mọ̀gbà tó pàtẹ́wọ́.

Ó ku kó balẹ̀. Bí ọkọ̀ ti ń da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀, ariwo rẹ̀ dákẹ́ wáí. Ẹ́ńjìnnì ti kú! Ó tan án, tan án, ó ti tutù jù. Ọkọ̀ lọ forí sọ igbó.

"Ta ló pa ẹ́ńjìnnì mi? Géèmù ìranù!"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Mo rí ọwọ́ yín tó pa á."

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ìgbà tiẹ̀ ti ń ṣe nìyẹn: tí wọ́n bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì kó lè tutù, ọkọ̀ á máa yí lọ fúnra rẹ̀. Àánú bàbá ṣe Fúnmilọ́lá.

"Ó ti mọ́ yín lára ni. Ẹ tún gbìyànjú."

Oyèbọ̀dé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ̀rù bà á gidi. Kò rántí rárá pé òun fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Tó bá jẹ́ pé èrò wà lẹ́yìn mi ńkọ́?" Ó ti kọ̀ǹpútà sẹ́yìn. "Fúnmilọ́lá, wá ẹni tó máa ra bọ́ọ̀sì yẹn."