Iyùn Tí Kò Tíì Lórúkọ

Nígbà tí ọ̀kadà gbé bàbá mi ṣubú lójú ọ̀nà oko, etí òkun ni mo wà, ní Tanzania, níbi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di ọ̀mọ̀wé. Egungun itan rẹ̀ ló kán. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo Ìdànrè ń pè ní Àlàájà, ló pè mí lórí fóònù. Ó ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Àkúrẹ́, ó sì ti padà sílé, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni tọ́jú òun. Ìyá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Kánádà, kò sì tíì ní ìwé tó lè fi jáde kó tún padà wọlé. Èmi ló kù.

Ọ̀gá mi níbi ẹ̀kọ́, obìnrin àgbà kan tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú omi, kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n máa lọ, àmọ́ kí iṣẹ́ má dúró. Ó bá mi gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, a sì jọ di páálí kan tó kún fún egungun iyùn, funfun báláú, tí a fi aṣọ wé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún yá mi ní awò kékeré kan tó máa ń sọ nǹkan tín-ín-tín di ńlá. Báyìí ni mo ṣe gbé ohun inú òkun dé ilé bàbá mi.

Iyùn tí àwa Yorùbá mọ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí ọba àti ìyàwó ń fi sọ́rùn. Inú òkun lòun náà ti wá, ṣùgbọ́n ìbátan tó jìnnà ló jẹ́ sí àwọn tí mò ń kọ́ nípa wọn. Iyùn olókùúta ni tèmi. Ẹranko ni, òmíràn kò ju orí ìṣáná lọ, ara rẹ̀ rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ẹnu lásán tí ọwọ́ yí ká. Ọwọ́ iyùn pupa jẹ́ mẹ́jọ, ti iyùn olókùúta a máa lọ ní mẹ́fà-mẹ́fà. Nínú omi ló ti ń rí ohun tó fi ń mọ ilé òkúta sábẹ́ ara rẹ̀. Ọmọ a mọ tirẹ̀ lé ti ìyá, àwọn mìíràn a tún mọ lé e, títí ilé yóò fi di òkè lábẹ́ omi. Bí ẹran náà bá kú, ilé nìkan ló ń ṣẹ́ kù. Láti ayébáyé, ara ilé yẹn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, tí wọ́n fi ń pín wọn sí ìdílé: bí ihò ṣe fẹ̀ tó, iye ògiri tó wà nínú rẹ̀, bí ètè rẹ̀ ṣe tà síta tàbí tó ká wọlé.

Àsìkò òjò ni mo dé. Kòkó ti pọ́n lóko, bàbá mi sì mọ̀ pé òjò ń bà á jẹ́ lórí igi. Orí ọ̀pá ìtìlẹ́yìn méjì ló wà. Á ti pálọ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wo ọ̀nà oko, á padà, á pe alágbàṣe tó ń bá a ṣọ́ oko, á sọ pé irọ́ lọkùnrin náà ń pa, á tún dìde. Dókítà ní kó jókòó. Kò mọ ìjókòó.

Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Mo to àwọn iyùn mi sórí tábìlì ìjẹun. Màá mú ọ̀kan, màá fi awò wò ó, màá gbé e sílẹ̀, màá lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, màá jáde lọ wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára kí n lè fi fọ́tò ránṣẹ́. Ní etí òkun, omi ló ń ṣètò ọjọ́ fún wa. Bó bá fà, a wọ̀ ọ́. Bó bá kún, a jáde. Nílé, kò sí ohun tó sọ fún mi pé àkókò tó tàbí kò tó. Ara ń ta mí láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà míì, èmi àti bàbá mi á pàdé lẹ́nu ọ̀nà, òun ń wọlé, èmi ń jáde, a ó sì yà fún ara wa.

Ìjọ Aládùúrà ni bàbá mi ń lọ. Ní ọjọ́rú kan, àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rí tábìlì mi, ó sún sẹ́yìn, ó béèrè pé egungun kí lèyí. Mo ní ti ẹranko inú òkun ni. Ó padà sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíràn lọ. Wọ́n ní ọmọ tó ti ìlú omi dé ti kó egungun àwọn ará inú omi wọ ilé, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ kò fi tètè san. Pé ẹsẹ̀ náà ti kán kí n tó dé, ẹnikẹ́ni kò rántí ìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ìjọ àti àgbà ìjọ kan wá sílé. Wọ́n wọ sùtánà funfun, wọn kò sì wọ bàtà. Bàbá Ìjọ kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ẹ̀kọ́ mi, ó sì dúró ti tábìlì náà láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

“Ọmọ mi, má bínú,” ó ní. “Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ṣé òkúta nìwọ̀nyí, àbí igi, àbí ẹran?”

Inú mi dùn sí ìbéèrè náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn ti jà sí i rí. Àwọn kan kà wọ́n mọ́ òkúta, àwọn kan kà wọ́n mọ́ ewéko, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé ẹranko ni. Mo rò pé tí mo bá ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

“Ẹranko ni wọ́n, Bàbá,” mo dáhùn. “Àmọ́ ohun tí ẹ ń wò yìí, ilé wọn ni. Àwọn fúnra wọn ti kú.”

“Ta ló pa wọ́n?”

N kò ronú kan ìyẹn. Mo lè sọ pé ikú ara wọn ni wọ́n kú, àwọn àgbà náà kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gan-an ló gé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

“Àwa ni, Bàbá. A gé wọn ká lè fi mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.”

Ó mi orí. Ó yíjú sí bàbá mi, ó ní ìjọ kò lé ọmọ, ìjọ kò sì fi ẹ̀sùn kan ọmọ, ṣùgbọ́n ohun tí a pa, tí a kò sin, kò yẹ kó máa sùn nínú ilé tí a ti ń tọrọ ìlera. Bàbá mi wo mí, ó wo Bàbá Ìjọ. Lẹ́yìn náà ló fi èdè Ìdànrè sọ ọ́, èdè tó máa ń sọ nígbà tí kò bá fẹ́ àríyànjiyàn, pé kí n kó wọn jáde.

N kò retí rẹ̀. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé yóò gbè mí. Mo kó wọn sínú páálí lójú àwọn àlejò, mo pe ọ̀kadà, mo sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àlàájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn takisí ti ń kó èrò.

Ike ni Àlàájà ń tà: báfù, kẹ́ẹ̀gì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́. Ó mú iyùn kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kò rùn. Ó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì sápá kan nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì fún mi ní tábìlì. Láti ọjọ́ náà, màá se oúnjẹ bàbá mi láàárọ̀, màá gbé e síwájú rẹ̀, màá kí i bó ṣe yẹ kí ọmọ kí bàbá, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mi fún un. Lẹ́yìn náà ó di ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀ ni pé mò ń ya àwọn iyùn ẹlẹ́ka sọ́tọ̀, àwọn tó rí bí ìwo àgbọ̀nrín. Acropora ni orúkọ ìdílé wọn. Irú kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní tenuis, tó túmọ̀ sí tẹ́ẹ́rẹ́ lédè Látìn. Mo ti kó ọ̀pọ̀ nínú egungun iyùn mi sábẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀gá mi kó wọn síbẹ̀ ṣáájú mi, àwọn tó kọ́ ọ náà sì kó wọn síbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ọ̀gá mi pè. Wọ́n ti yẹ ohun tí ẹranko náà fi ń jogún ìrísí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ wò, kì í ṣe ilé rẹ̀ nìkan mọ́. Èsì rẹ̀ ni pé orúkọ náà kì í ṣe tiwa. Iyùn òkun ìlà oòrùn jíjìnnà ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní orúkọ náà, àwọn ni wọ́n ni ín. Àwọn tiwa ní etí òkun Áfíríkà jọ wọ́n lójú ni, wọn kì í ṣe ọmọ ilé kan náà. Èyí tó tún wá le jù ni pé tiwa pàápàá kì í ṣe ẹyọ kan. Ó kéré tán, méjì ni. Ó ní kí n tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo jókòó láàárín àwọn ike. Àlàájà wọlé, ó wo ojú mi, ó béèrè ẹni tó kú. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe lè ṣàlàyé. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa.

“Nígbà tí mo ṣègbéyàwó, mo gba orúkọ mùsùlùmí,” ó ní. “Nígbà tí mo ti Mẹ́kà dé, Àlàájà tún kún un. Bàbá rẹ kò pe ìkankan rí. Èyí tí ìyá wa sọ mí ló ń pè títí dòní. Ṣé o rí i rí kó pè mí kí n má dáhùn?”

Mo ní rárá, ṣùgbọ́n iyùn kì í dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde lọ tọ́jú oníbàárà tó fẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì epo.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ awò. Bí mo ti mọ̀ pé méjì ni wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i: ètè ihò àwọn kan tà síta bí ẹnu fúnẹ́ẹ̀lì, ti àwọn yòókù mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n n kò fọkàn tán ojú mi mọ́. Ohun tí etí bá ti gbọ́, ojú á máa wá a kiri. Màá yà wọ́n sápá ọ̀tún àti òsì láàárọ̀, màá dà wọ́n pọ̀ nírọ̀lẹ́, màá tún wọn yà lọ́jọ́ kejì láìwo ti àná. Ìdàrúdàpọ̀ yẹn wọ inú ara mi débi pé oorun kò dùn mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ti ṣú, ọ̀kadà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá kan ṣoṣo. Àlàájà bínú sí i gan-an. Ó bi í bóyá ọ̀kadà àkọ́kọ́ kò tó o ni. Bàbá mi rọra wọ yàrá ẹ̀yìn, ó jókòó sórí àga mi, ó ní kí n fi nǹkan náà han òun.

Mo fi awò lé e lọ́wọ́. Ó wò ó títí.

“Ilé ni gbogbo ihò yìí?”

“Ilé ni, sà.”

“Ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?”

“Ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, sà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wà láàyè, ara wọn so pọ̀. Ohun tí ọ̀kan bá jẹ máa ń kan àwọn tó kù.”

Ó gbé awò náà sílẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ó sì ní láti gbóhùn sókè.

“Mo mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan burúkú,” ó ní. “Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ kú, tí ẹ̀yin ọmọ wà lókè òkun, àwọn ará ìjọ wọ̀nyẹn ló ń wá sùn tì mí nínú ilé yẹn. Wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń gbá ilẹ̀. Mi ò lè ní kí wọ́n jáde nítorí òkúta, bó ti wù kó jẹ́ òkúta ọmọ mi.”

Ìbínú mi kò tán lójijì, ṣùgbọ́n ibi tí mo gbé e lé kò sí mọ́. Mo ní ó yé mi. Ó mi orí, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Àlàájà, fún mi lómi.”

Àbúrò rẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó lọ bu omi náà. Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi ti padà sí orúkọ àtijọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, igi kan ni bàbá mi fi ń tilẹ̀ rìn. Òjò ti ba kòkó púpọ̀ jẹ́, òun sì ti lé alágbàṣe náà lọ. Ó ń lọ sóko fúnra rẹ̀, ó ń bọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tí mo rí i tó bá Bàbá Ìjọ dúró sójú ọ̀nà, tí wọ́n jọ ń jiyàn lórí iye tí kòkó yóò jẹ́, mo mọ̀ pé ó tó kí n máa lọ. Mo di páálí mi, mo sì padà sí etí òkun.

Iṣẹ́ náà parí lápá kan. Ọ̀kan nínú iyùn méjèèjì ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ti sọ ọ́ láyé àtijọ́, àwọn tó tẹ̀lé e ló pa á pọ̀ mọ́ tenuis. A wú u jáde nínú ìwé tó ti gbó, a sì dá a padà fún un. Èkejì kò ní rárá. A kò sì lè kàn dédé fún un lórúkọ. A gbọ́dọ̀ rí púpọ̀ nínú wọn láti erékùṣù mìíràn, ká yan ẹyọ kan tí yóò máa dúró fún gbogbo irú rẹ̀. Nítorí náà mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé inú ọkọ̀ ojú omi. N kò tíì tú ẹrù tí mo kó dé kí n tó di òmíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá mi pè. Ó béèrè bóyá a ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo ní a kò tíì sọ ọ́. Ó ní ọmọ kì í kọjá ọjọ́ kẹjọ láìlórúkọ, kí ló ń dá wa dúró. Mo ní a ṣì ń wá àwọn ará ilé rẹ̀. Mo rò pé yóò béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀ wálé. Àmọ́ ó ní òjò ń ṣú, kòkó òun wà níta, òun fẹ́ lọ kó o. Ó gé fóònù. Wọ́n ti ń ké sí mi láti inú ọkọ̀, mo sì gbé báàgì mi.