Apáréyì Tí Mo Fẹ́ Gbé Wọ Ọkọ̀ Òkun

Òkun kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ní Ìfọ̀nyìn tí wọ́n bí mi sí, ọ̀pẹ la mọ̀, ẹ̀gẹ́ la mọ̀, àgbàdo la mọ̀. Omi tó pọ̀ jù tí mo rí kí n tó gbọ́njú ni èyí tí òjò fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Bánígbé. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí a gba òmìnira, tí àsíá tuntun ṣì ń dán lórí òpó, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun ni mo ń jí sí, òun náà ni mo ń sùn sí. Kì í ṣe ọkọ̀ gan-an ló ń dà mí láàmú. Irú apáréyì tí màá gbé wọ inú rẹ̀ láti fi ya fọ́tò ni mi ò mọ̀.

Ayafọ́tò ni mí. Apáréyì tí mo ń lò nígbà náà, igi ni wọ́n fi ṣe é. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ní aṣọ dúdú tí mo ń ki orí bọ̀, ó sì wúwo bí àpótí ìyàwó. Ìjọba tuntun ní kí olúkúlùkù ní káàtì tó ní àwòrán ojú rẹ̀, ni àwọn àgbẹ̀ Tchaada àti Bánígbé bá ń fẹsẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ mi, tí wọ́n á le ojú koko bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Mo máa ń bú wọn. Mo máa ń ní, "Ẹ tújú ká jàre, mi ò ní yìnbọn." Mo ya gbogbo ayé. Ẹnì kan tí mi ò yà rí ni ẹni tí èmi àti ẹ̀ jọ gbé inú ìyá wa.

Ìbejì ni wá. Òun ló kọ́kọ́ jáde wá wo ayé, èmi tẹ̀lé e, nítorí náà èmi ni ẹ̀gbọ́n, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Ó ti bá àwọn oníṣòwò wọkọ̀ lọ sí Pointe-Noire lókè òkun kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di apáréyì mú. Kò sí fọ́tò kankan tí àwa méjèèjì wà. Kò tiẹ̀ sí èyí tí òun nìkan wà. Oníṣòwò kan, ará Bánígbé, tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú òkun, ti sọ fún wa nígbà kan pé òun rí i, pé ó ń ta aṣọ lẹ́bàá èbúté, pé ara rẹ̀ le. Láti ìgbà náà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Mo wá pinnu pé màá wọkọ̀, màá wá a rí, màá jókòó tì í níwájú apáréyì, màá sì gbé àwòrán wa wálé fún ìyá wa kí ojú rẹ̀ tó ń ṣú tó ṣú tán. Ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà yẹn nìyẹn.

Ẹni tí kì í ṣe ìbejì ò lè mọ bó ṣe máa ń rí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe ẹ̀yin méjì pọ̀, tí wọ́n ń kí yín pọ̀, tí wọ́n ń nà yín pọ̀. Ọjọ́ kan wá dé tí o dá nìkan wà, tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ń bi ọ́ pé, "Èkejì ẹ ńkọ́?" Mo máa ń dáhùn pé ó wà níbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá lọ tán, màá ti ìlẹ̀kùn, màá jókòó sínú yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fọ́tò, láìfọ nǹkan kan. Mi ò níyàwó, mi ò sì ní ọ̀rẹ́ tó kọjá ẹ-kú-iṣẹ́. Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Àwọn èèyàn ń sá fún un. Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í sá fún un ló wà lókè òkun.

Mo lọ bá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Àgbàlagbà ni, ó ti wọkọ̀ òkun rí, kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé. Mo ní mo fẹ́ gbé apáréyì onígi mi lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

"Bọ́n, ó dáa," ó ní, "ìwọ ọmọ Ìfọ̀nyìn, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń wọkọ̀ ní Kútọnu ni? Ṣé o rò pé bí ẹni wọ mọ́tò ni?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní ọkọ̀ ńlá kì í súnmọ́ etí omi. Afárá irin kan ló wọnú òkun lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kó èèyàn sínú agbọ̀n onígi, tí ẹ̀rọ á gbé agbọ̀n náà sókè, tí á sì rọra sọ ọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tó ń fò lórí ìgbì. Ọkọ̀ kékeré yẹn ló máa wá gbé yín lọ bá ọkọ̀ ńlá.

"Apáréyì onígi ẹ yẹn, orí itan ta lo fẹ́ gbé e lé nínú agbọ̀n? Ìgbì kan báyìí, ó di oúnjẹ ẹja. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru."

Ó gbé apáréyì kékeré kan jáde tó lè wọ àpò. Ẹwà rẹ̀ wọ̀ mí lójú. Ṣùgbọ́n fíìmù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka lọ, kò sì sí iná mànàmáná ní Ìfọ̀nyìn tí màá fi sọ àwòrán di ńlá. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń gbé fíìmù lé bébà, màá gbé gíláàsì lé wọn lórí, màá gbé gbogbo rẹ̀ sóòrùn díẹ̀. Bí fíìmù bá ṣe tó ni fọ́tò ṣe ń tó. Tí n bá fi kékeré yẹn yà wá, ojú èmi àti àbúrò mi kò ní ju ẹ̀wà lọ, ìyá mi á sì ní kòkòrò méjì ni mo gbé wá fún òun. Mo dá a padà fún un, ó dùn mí.

Ẹ̀kẹta tó gbé jáde la wá fẹnu kò sí, àpótí olójú méjì, ojú kan lórí ìkejì. Èèyàn máa ń gbé e sí àyà, á tẹ orí ba, á wò ó láti òkè. Fíìmù rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé ìmọ́lẹ̀ ojú òkun máa ń wá láti òkè, á tún wá láti inú omi, nítorí náà kí n má ṣí ojú apáréyì gbayawu bí mo ṣe ń ṣe nílé. Ó ní kí n má pààrọ̀ fíìmù nínú afẹ́fẹ́ iyọ̀. Ó ní kí n wá agolo tó ní ìdérí, kí n da gààrí tó gbẹ dáadáa sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó máa fa ọ̀rinrin mu, kí n tó kó àwọn fíìmù lé e.

Ìyá mi ló yan gààrí náà. Ó ti yan tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ó dá a padà sórí iná, ó tún un yan títí ó fi ń dún ṣaṣa nínú ìkòkò. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní kí n tún gbogbo ìmúra mi sọ fún òun. Irú fíìmù wo? Ìhà wo nínú ọkọ̀ ni oòrùn kì í pa èèyàn? Tí mo bá rí àbúrò mi, ta ló máa jókòó lápá òsì? Màá ní, "Ìyá, lánàá lẹ bi mí." Á ní, "Tún un sọ, ọkọ mi."

Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ dé, ó máa ń rí nǹkan tó máa dá mi dúró. Ó ní kí n jẹ́ kí á fún epo tán. A fún epo tán, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ẹsẹ̀ san, ó ní òkun ń bínú lákòókò òjò. Mo bínú, mo ní, "Ẹ ò rí òkun rí, Ìyá. Ta ló sọ fún yín pé inú ń bí i?" Mo rò pé ẹ̀rù àtipàdánù ọmọ kejì fún ọ̀nà jíjìn ló ń bà á, mo sì fi sílẹ̀.

Lásìkò náà ni mo pàdé oníṣòwò ará Bánígbé yẹn tó ń jáde láti ilé wa. Mo sáré bá a, mo ní kó dúró kí n bi í léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ó ní òjò ń bọ̀, òun fẹ́ tètè délé. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo bú u nínú mi pé agbéraga ni, pé àwọn tó ń wọkọ̀ òkun ò ka èèyàn sí mọ́.

Nígbà tí òjò dá, mo ní kò sí ohun tó tún lè dá mi dúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé àga méjì síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fẹ́ mọ ibi tí màá gbé apáréyì olójú méjì náà sí kí èèyàn méjì tó tóbi bíi wa lè gbà sójú rẹ̀. Kò sí fíìmù nínú rẹ̀. Mo gbé e sórí àpótí, mo wò ó láti òkè, mo fi ẹfun sàmì sílẹ̀, mo lọ jókòó lórí àga òsì, mo gbé èjìká sókè, mo dìde. Mo tún lọ jókòó lórí àga ọ̀tún. Inú mi dùn díẹ̀, kí n má purọ́. Mo tiẹ̀ ń bá àga kejì sọ̀rọ̀, mo ń bú u pé kó jókòó dáadáa.

Obìnrin kan tó ru ẹyìn ọ̀pẹ dúró lójú ọ̀nà. Ó wò mí, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀jìrẹ́." Mo rò pé nítorí oòrùn ni. Bàbá kan kọjá, ó ṣí fìlà fún mi. Mo ń ronú pé kí ló ṣe àwọn èèyàn yìí lónìí, nígbà tí mo rí ìyá mi tó ń bọ̀, kò wé gèlè, ó ń yára ju bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lè gbé e lọ.

Ó dúró níwájú mi, ó ń mí gùlegùle. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní, "Kí ni wọ́n sọ fún mi, Ìyá?"

Ó wo àga òsì, ó wo àga ọ̀tún, ó wá wo ojú mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó rí i pé ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún mi, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Iṣẹ́ mi ni, ó sì yẹ kí n mọ̀. Ní agbègbè wa, tí ìbejì kan bá lọ, tí kò fi fọ́tò sílẹ̀, ẹni tó kù ni wọ́n máa ń mú wá sọ́dọ̀ ayafọ́tò. Á jókòó lápá òsì, wọ́n á yà á. Á bọ́ sápá ọ̀tún, wọ́n á tún yà á. Ayafọ́tò á tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan, ilé á sì ní àwòrán ìbejì wọn. Èmi fúnra mi ti ya irú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹni tó wà láàyè ni mo ń rò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àṣà yẹn kò sí lọ́kàn mi rárá. Gbogbo ẹni tó kọjá ló mọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì ti lọ bá ìyá mi dárò.

Ó fara ti ògiri. Ó ní, "Ó ti lọ ṣẹ́gi."

Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. A kì í sọ pé ìbejì kú. Pàápàá, a kì í sọ ọ́ létí ẹni tó kù, kí ó má baà ní òun náà ń bọ̀. Àìsàn ló ṣe é, àwọn ará ilé wa tó wà níbẹ̀ ló sin ín. Ará Bánígbé yẹn ló gbé ìròyìn náà wá, ìyá mi sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí n gbọ́.

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ wá ń bá mi yan gààrí. Ẹ ń bi mí pé ta ló máa jókòó lápá òsì."

Ó ní, "Tí o bá ń sọ ọ́, mo máa ń rí i níbi tó jókòó sí. Mi ò fẹ́ kó tán, ọkọ mi."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé, lójú gbogbo ayé. Ìyá mi ò ní kí n dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó bèèrè bóyá nǹkan wà nínú apáréyì náà. Mo ní kò sí. Ó ní, "Fi sí i."

Mo fi fíìmù sí i. Mo fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn án, mo fi ìka rẹ̀ lé e. Mo jókòó lápá òsì, ó tẹ̀ ẹ́. Mo yí fíìmù, mo wọlé lọ pààrọ̀ ẹ̀wù, mo jókòó lápá ọ̀tún, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mi ò wọ ọkọ̀ òkun láyé mi.

Nígbà tí fọ́tò náà gbẹ, mo gbé e lọ bá a. Ó gbé e súnmọ́ ojú títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó pè mí ní orúkọ mi. Ó wá wo apá òsì, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò ẹ ti rù."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Iṣẹ́ ibẹ̀ le."