Ìborùn Maimunat àti Sátẹ́láìtì

Kí wọ́n tó máa pe Ìdírísù ní Kàpítéènì, ọkọ̀ ojú omi kékeré ló fi ń kó èrò láti etí omi Ọ̀jọ́ lọ sí Ìrẹ̀dé, ẹnikẹ́ni ò sì pè é ní nǹkan kan ju "Bàbá, ẹ rọra" lọ. Ìgbà tí Dókítà Ọlábísí láti yunifásítì gbà á sínú ọkọ̀ ńlá àwọn olùwádìí, tí wọ́n fún un ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ni ayé rẹ̀ yí padà. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì náà lọ kírun Jímọ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Okokomaiko, níbi tí gbogbo omi tó wà níbẹ̀ ò ju inú kúlà kan lọ. Maimunat, ìyàwó rẹ̀, gbìyànjú títí láti bọ́ ọ lára rẹ̀, ó tì.

Iṣẹ́ náà kò le. Sátẹ́láìtì kan wà lókè tó ń wo àwọ̀ òkun bó bá ń kọjá. Ibi tí omi bá ti ní àwọ̀ ewé, a jẹ́ pé àwọn ewéko wínníwínní tí ẹja ń jẹ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lè ṣì í rí, nítorí náà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí omi kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n bu omi ibẹ̀ wò. Bí ti òkè bá bá ti ọkọ̀ mu, wọ́n á lè mọ bí oúnjẹ ẹja ṣe pọ̀ tó títí dé ibi tí ọkọ̀ kankan ò lè dé. Dókítà a máa wà níwájú nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìdírísù a máa wà lẹ́yìn, òun ló ń fa omi, tó ń rọ ọ́ sínú ìgò.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Abúlé kan nítòsí Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí Ìdírísù, láyé ìgbà tí sòbìà ń dá àgbà àti èwe dùbúlẹ̀. Àwọn elétò ìlera wá kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fi aṣọ funfun sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí pé kò gbọdọ̀ gbé omi tí kò sẹ́ fún ọmọ ènìyàn láéláé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó fa omi òkun, tó rí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń léfòó nínú rẹ̀, ojú tì í nítorí Dókítà. Ó yọ ìborùn funfun Maimunat tó fi ń bo orí nítorí oòrùn, ó ká a po, ó tún un ká, ó sẹ́ omi náà títí ó fi mọ́ gaara. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti ìgbà náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ta ni í fọ́nnu pé òun fọ ife kí òun tó bu omi fún àlejò?

Oṣù ń gorí oṣù. Sátẹ́láìtì ní òkun kún fún ewéko. Ìgò ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Dókítà kọ̀wé sí àwọn tó ni sátẹ́láìtì lókè òkun. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ara rẹ̀ le. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí òkun tó ti kú tí àwọ̀ rẹ̀ ò sì tíì gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí kò dé Èkó rí fi odidi ọ̀sán ṣàlàyé ohun tó pa á. Ní ti Ìdírísù, ọkọ̀ ló gbè lẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí sátẹ́láìtì bá ń kọjá, a máa na ìka sójú ọ̀run, a máa pè é ní òpùrọ́.

Nígbẹ̀yìn, àwọn ọ̀gá Dókítà ní bí sátẹ́láìtì àti ìgò ò bá ti lè fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Dókítà wá sílé Ìdírísù ní Ìbà láti wá sọ fún un, kí ó sì gba jákẹ́ẹ̀tì padà. Ìdírísù fi ọwọ́ méjèèjì di síìpù rẹ̀ mú. Ó dùn ún dé egungun, torí bó bá bọ́ ọ báyìí, ó ti padà di "Bàbá, ẹ rọra" nìyẹn.

Dókítà wojú rẹ̀, kò lè wò ó pẹ́, ó gbójú kúrò, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ìborùn kan tó ń gbẹ lórí okùn. Àwọ̀ ewé ni, ó sì ń rùn bí ẹja. Ó bi Maimunat ohun tó fi rẹ ẹ́. Maimunat, tí inú ti ń bí tipẹ́, ní kó bi Kàpítéènì. Ó ní funfun ni òun rà á, ọkọ òun ló ń gbé e lọ sókun, kò sí ọṣẹ tí òun ò tíì fi fọ̀ ọ́, àwọn obìnrin àsàlátù sì ti ń yọ òun lẹ́nu pé kí òun mú àwọn mọ aláró òun.

Dókítà gbé aṣọ náà sún mọ́ ojú. "Kàpítéènì, kí lẹ ń fi ìborùn yìí ṣe nínú ọkọ̀?"

"Mo fi ń sẹ́ omi yín ni," Ìdírísù dáhùn, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé ẹnì kan bèèrè. "Ẹ ò lè máa gba omi ìdọ̀tí lọ́wọ́ mi."

Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí a kò fi mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé ìdọ̀tí yẹn gan-an ni àwọn ń wá. Gbogbo ohun tí sátẹ́láìtì rí, orí Maimunat ló ń gbé lọ sí àsàlátù. Ó ká ìborùn náà sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ láti fi han àwọn ọ̀gá rẹ̀. Kò rántí jákẹ́ẹ̀tì mọ́.

Nígbà tí wọ́n tún jáde sókun, Dókítà wo aago, ó ní sátẹ́láìtì ti ń kọjá. Ìdírísù ṣí fìlà. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tí kò bọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọkọ̀. Dókítà rọra sọ fún un pé nǹkan náà kò lè rí ènìyàn, pé odidi ọjà Àlàbá gan-an kò ju bíńtín lọ lójú rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé kò rí mi," Ìdírísù sọ láti ilẹ̀. "Ṣé ó rí mi nígbà tí mò ń pè é ní òpùrọ́?"

Ó dìde, ó fa omi, ó rọ ọ́ sínú ìgò bó ṣe rí, tòun ti gbogbo ohun tó ń léfòó nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ fún Dókítà, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò sẹ́ ẹ."